Màmá ń bọ̀ láti Ìsẹ́yìn: ẹ̀rọ wo ni kí n fi ká oríkì wọn sílẹ̀?

Woolwich:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Màmá mi ń bọ̀ lóṣù tó ń bọ̀. Mo fẹ́ ká oríkì ìdílé wa sílẹ̀ lẹ́nu wọn, kí àbúrò mi fi gángan gbè wọ́n lẹ́sẹ̀. Yàrá kékeré kan ṣófo nílé wa, £500 ló sì wà lọ́wọ́ mi. Ilé ìtajà kan ní kí n fi £300 nínú ẹ̀ ra máìkì condenser. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe é rí, ṣé kí n rà á?

Manchester:
Ẹ má tíì rà á, àbúrò mi. Máìkì yẹn dára, yàrá yín ni kò gbà á. Condenser a máa gbọ́ fíríìjì, a máa gbọ́ bọ́ọ̀sì tó ń kọjá níta, a sì máa gbọ́ ohùn tó ń ta padà lára ògiri. Òun ni mo fi ká ohùn ìyá àgbà wa sílẹ̀, àfi bí ẹni pé inú kànga ni wọ́n wà. Wọ́n ti padà sílé kí n tó mọ ohun tó fà á. Ó ṣì ń dùn mí.

Máìkì dynamic, irú tí kì í fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ ariwo tó jìnnà sí i, ni kẹ́ ẹ rà: Shure SM58 fún Màmá, SM57 fún gángan. Láti 1966 ni SM58 ti wà lọ́jà, kò sì nílò iná 48V tí condenser máa ń lò. Ẹ gbé e tó sẹ̀ǹtímítà 10 sí 15 sí ẹnu wọn, kó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀ kí èémí má baà fẹ́ lù ú. Irú máìkì yìí kì í fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Torí náà, ẹ jẹ́ kí onílù àti Màmá kọjú síra wọn, kí ẹ̀yìn máìkì kálukú sì kọjú sí ẹnì kejì.

Audio interface yín, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń so máìkì mọ́ kọ̀ǹpútà, gbọ́dọ̀ gba máìkì méjì, bíi Scarlett 2i2. Máìkì kan ṣoṣo ni Scarlett Solo ń gbà, ẹ ò sì ní lè ya ohùn àti ìlù sọ́tọ̀.

Woolwich:
Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀gbọ́n. Foam ńkọ́?

Manchester:
Foam pẹlẹbẹ kò lè dí ariwo aládùúgbò. Ẹ fi aṣọ ìbora tó nípọn kọ́ sẹ́yìn Màmá, torí ibẹ̀ ni ojú máìkì ń wò. Aṣọ òfì tó wúwo náà á ṣe é, ẹ̀yin ọmọ Ìsẹ́yìn kò ní ṣàì ní in nílé! Kí onílù kọ́kọ́ lu gángan bó ṣe le jù, kẹ́ ẹ wá yí gain, ìyẹn bọ́tìnnì tó ń gbé ohùn máìkì sókè lára interface, títí ibi tó ga jù á fi wà nítòsí -12 dB lórí òṣùwọ̀n tí 0 jẹ́ òpin rẹ̀. Bẹ́ ẹ bá ká a ní 24-bit, ìyẹn ti tó. Ẹ lè fi REAPER, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ká ohùn sílẹ̀, ká a, ọgọ́ta ọjọ́ àkọ́kọ́ jẹ́ ọ̀fẹ́.

Houston:
Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n péye. Àmọ́ ẹ má fi headphone sí Màmá létí o, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ lò ó. Ẹ jẹ́ kí ọmọ-ọmọ wọn kan jókòó níbi tí ojú wọn ti tó o, kí wọ́n rí ẹni tí wọ́n ń kì. Lálẹ́ ọjọ́ náà gan-an, ẹ da fáìlì ohùn rẹ̀ (WAV) sí hard drive méjì, kí ọ̀kan bá Màmá padà sí Ìsẹ́yìn.