“Kò kọ̀” kì í ṣe “ó gbà”

Ọmọ Ìsánlú, Houston: Òkun o, gbogbo ilé. Ọlọ́pàá mú ọmọ àbúrò ìyá mi, ọmọ ọdún 21, lówùúrọ̀ Sátidé. Wọ́n ní ó bá ọmọbìnrin kan lò pọ̀ nígbà tí ọmọ náà ti sùn lọ fọnfọn níbi àríyá. Ọmọ Ẹ̀gbẹ́ ni àwọn òbí ọmọbìnrin náà. Àwọn àgbà nílé ní kí n kó èèyàn mẹ́ta dání, kí a lọ bẹ̀ wọ́n, kí ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀.

Ìyá Ìbejì, Dallas: Ẹ má lọ o! Ẹ má tilẹ̀ pè wọ́n.

Ògbufọ̀, Houston: Òótọ́ ni. Ọdún mẹ́sàn-án rèé tí mo ti ń ṣe ògbufọ̀ ní kóòtù. Kì í ṣe ọmọbìnrin yẹn ló pẹjọ́, ìpínlẹ̀ Texas ni. Ẹlẹ́rìí ni òun. Bó bá ní òun ti dárí jì í, agbẹjọ́rò ìjọba ṣì lè máa bá ẹjọ́ lọ. Ẹni tó bá fún ẹlẹ́rìí ní nǹkan kó lè panu mọ́, tàbí tó dẹ́rù bà á, ti dá ẹ̀ṣẹ̀ tirẹ̀ lọ́tọ̀. Iṣu àti epo tí ẹ fẹ́ gbé lọ yẹn lè di ẹ̀rí.

Abala 22.011 nínú ìwé òfin ọ̀daràn Texas, èyí tó dá lórí ìfipábánilòpọ̀, kò dá ọ̀rọ̀ yìí mọ sí ọ̀bẹ àti ìbọn. Bí ẹnìkan bá dákú tàbí tí kò lè gba ara rẹ̀ sílẹ̀, tí ẹni tó bá a lò pọ̀ sì mọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ̀ṣẹ̀ náà nìyẹn. Ẹ̀wọ̀n ọdún 2 sí 20 ni, ìtanràn lè tó 10,000 dọ́là. Bí wọ́n bá yọ ohun ìjà tó lè pani, tàbí tí ẹni tí wọ́n ṣe é sí kò tíì pé ọmọ ọdún 14, ọdún 5 sí 99 ni, tàbí ẹ̀wọ̀n gbére.

Ibi tí àwa ti máa ń ṣìnà nìyí. Lọ́yà kan bi bàbá kan láti ilé wa bóyá obìnrin náà gbà. Bàbá fèsì: “Kò kọ̀.” Mo dákẹ́ díẹ̀ kí n tó sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì. Lọ́yà tún bi í: ó gbà àbí kò gbà? Bàbá ń wo àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀. “Kò sọ̀rọ̀.” Mi ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Bàbá Kábà, Atlanta: Ìyàwó ẹni tí a san owó orí rẹ̀ ńkọ́?

Ògbufọ̀, Houston: Ẹ̀gbọ́n, òfin ọ̀daràn Penal Code tí wọ́n gbé kalẹ̀ fún Àríwá Nàìjíríà ní 1960, tí Kábà wà lábẹ́ rẹ̀ nígbà náà, kò ka ti ọkọ sí ìfipábánilòpọ̀ bí ìyàwó bá ti bàlágà. Ní Amẹ́ríkà, láti 1993 ni ó ti di ẹ̀ṣẹ̀ ní gbogbo ìpínlẹ̀ 50. Owó orí kò ràn wá lọ́wọ́ níbí.

Ìyá Ìbejì, Dallas: Kò sẹ́ni tó béèrè ọmọbìnrin náà. Bí ẹ bá mọ ẹni tó sún mọ́ ọn, ẹ sọ fún un pé kó lọ sí ọsibítù. Kó má fọ aṣọ ọjọ́ yẹn, inú àpò pépà ni kó kó o sí, kì í ṣe nínú ọ̀rá. Wọ́n lè yẹ̀ ẹ́ wò láàárín wákàtí 120 lẹ́yìn ìṣẹ̀lẹ̀ náà, bí kò bá tilẹ̀ fẹ́ rí ọlọ́pàá. Bí kò bá ní ìwé ìgbélùú, U visa wà fún ẹni tí wọ́n ṣe irú èyí sí, tó sì ran ìwádìí lọ́wọ́.

Ògbufọ̀, Houston: Ọmọ Ìsánlú, bí ọmọ yín kì í bá ṣe ọmọ ìlú níbí, kó má gba ẹ̀bi kankan kí lọ́yà tó mọ ọ̀rọ̀ ìgbélùú tó wò ó. Láti 2010 ni Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ti Amẹ́ríkà ti ní lọ́yà gbọ́dọ̀ sọ fún oníbàárà rẹ̀ bí ìjẹ́wọ́ bá lè lé e kúrò nílùú.

Ọmọ Ìsánlú, Houston: Mo ti pe ilé pé a ò lọ mọ́. Bàbá àgbà ní ṣé mo ti di òyìnbó ni. Ta ló mọ lọ́yà tó ń ṣe ẹjọ́ ọ̀daràn àti ti ìgbélùú pọ̀ ní Houston?