Ẹ gbà mí ní ìmọ̀ràn: Màmá wa kò fọkàn tán àwọn dókítà mọ́

Ọmọ Iléṣà: Ẹ̀yin ará, ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Màmá wa kọ̀ jálẹ̀ láti ṣe iṣẹ́ abẹ tí àwọn dókítà ní kí wọ́n ṣe, wọ́n ní ńṣe ni àwọn ọmọdé yẹn fẹ́ fi àwọn kọ́ṣẹ́. N kò rí wọn bá wí tán, nítorí pé láti ìdájí ni a ti máa ń tò sórí ìlà, dókítà tí a bá lónìí kọ́ ni a óò bá lọ́jọ́ mìíràn, bí wọ́n bá sì dúró ti bẹ́ẹ̀dì Màmá, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń bá ara wọn sọ, tí Màmá á máa wo ẹnu wọn láti ọ̀dọ̀ ẹnì kan dé ọ̀dọ̀ ẹnì kejì. Báwo ni mo ṣe lè mú kí wọ́n tún fọkàn tán wọn?

Ìyá Ìbejì: Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Nígbà tí mo bí àwọn ìbejì mi, nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo tó ń sọ ohun tó fẹ́ ṣe kó tó fọwọ́ kàn mí ni mo gbọ́ràn sí lẹ́nu. Ẹ wá irú ẹni bẹ́ẹ̀ fún Màmá.

Àgbà Ìjẹ̀ṣà: Ní Ìmẹ̀sí-Ilé, nítòsí wa níbí, ní ìparí àwọn ọdún 1950, dókítà David Morley fi káàdì ìwọ̀n ọmọ lé àwọn ìyá lọ́wọ́ pé kí wọ́n máa mú un lọ sílé. Àwọn ìyá rí i pé a kò fi nǹkan pamọ́ fún àwọn.

Nọ́ọ̀sì Tó Ti Fẹ̀yìntì: Kí ni wọ́n sọ fún Màmá pé ó ń ṣe wọ́n?

Ọmọ Iléṣà: Ìyá Ìbejì, ẹ ṣeun. Ìlà tí à ń tò yẹn gan-an ló ń bí mi nínú jù.

Nọ́ọ̀sì Tó Ti Fẹ̀yìntì: O kò tíì dá mi lóhùn.

Ọmọ Iléṣà: Jẹjẹrẹ ọyàn ni, mà. Àwa ọmọ la bẹ dókítà pé kí ó sọ pé eéwo ni, nítorí pé àbúrò Màmá gbọ́ orúkọ àìsàn yẹn, wọn kò sì jẹun gidi mọ́ títí wọ́n fi kú. Ìfẹ́ ló mú wa ṣe é.

Ìyá Ìbejì: Háà! Ta ni yóò gbà kí a gé ọyàn òun nítorí eéwo?

Àdìgún: Òfin Ìlera Orílẹ̀-èdè ti ọdún 2014 ní kí wọ́n ṣàlàyé ipò ìlera aláìsàn fún un ní èdè tó yé e.

Ọmọ Iléṣà: Òfin kan náà gbà pé a lè má sọ fún un bí kò bá ní ṣe é láǹfààní.

Àdìgún: Ẹ̀rí tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ ni òfin béèrè fún, kì í ṣe ìbẹ̀rù ọmọ.

Nọ́ọ̀sì Tó Ti Fẹ̀yìntì: Ọmọ mi, Màmá rẹ ti fura pé ẹ ń fi nǹkan pamọ́, àwọn dókítà ni wọ́n sì di ẹ̀bi rẹ̀ lé lórí. Sọ fún dókítà pé ẹ kò fẹ́ kí ó pa á mọ́ mọ́. Kí ó jókòó ti Màmá, kí ó kọ́kọ́ bi wọ́n ní ohun tí wọ́n rò pé ó ń ṣe wọ́n àti bí wọ́n ṣe fẹ́ mọ̀ tó, kí ó wá fi Yorùbá sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀. Ìwọ náà jókòó síbẹ̀, ṣùgbọ́n má ṣe bá wọn dáhùn.

Ọmọ Iléṣà: Bí wọ́n bá bi mí bóyá mo ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ńkọ́?

Nọ́ọ̀sì Tó Ti Fẹ̀yìntì: Sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, kí o sì sọ ìdí rẹ̀ fún wọn. Má jẹ́ kí ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, nítorí pé jẹjẹrẹ ọyàn lè tàn ká ara bí a kò bá tètè tọ́jú rẹ̀.