Ibi tí aṣọ ti lẹ̀ mọ́ ọn nìkan ló sú

Ẹ̀yin tí ọmọ yín máa ń họra mọ́jú, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí. Ọmọ mi kejì kò tíì pé ọdún mẹ́ta nígbà tó bẹ̀rẹ̀. Ọrùn rẹ̀ ló kọ́kọ́ sú, ó kan abíyá, ó kan ìbàdí níbi tí rọ́bà pátá ti ń fún un. Tí ilẹ̀ bá ti ṣú, oorun dópin nílé wa. Màá máa gbọ́ èékánná rẹ̀ lára awọ, kùrù-kùrù, bí ẹni ń ha ìdí ìkòkò. Tí ilẹ̀ bá fi máa mọ́, ẹ̀jẹ̀ á ti kan aṣọ ibùsùn.

Oúnjẹ ni mo kọ́kọ́ dá lẹ́bi. Mo yọ ẹyin, mo yọ mílíìkì, pàbó. Mo pààrọ̀ ọṣẹ ìwẹ̀, mo pààrọ̀ ìpara. Ọṣẹ ìfọṣọ kò wá sí mi lọ́kàn rárá, torí ọ̀kan náà la ti ń lò láti ọjọ́ tó ti pẹ́, ara èmi àti bàbá rẹ̀ sì gbà á.

Ìyá mi ló rí i. Wọ́n gbé ọmọ náà lé itan, wọ́n ṣí ọrùn ẹ̀wù rẹ̀ wò, wọ́n ní, "Ìwọ ò rí i pé ibi tí aṣọ ti lẹ̀ mọ́ ọn nìkan ló sú? Ojú rẹ̀ mọ́, ọwọ́ rẹ̀ mọ́." Mo wò ó, òótọ́ ni. Mo mú ọ̀kan nínú ẹ̀wù rẹ̀ tí mo ti fọ̀, tó ti gbẹ, mo rì í sínú abọ́ omi lásán, mo fọwọ́ rú u. Omi náà hó. Ó hó funfun, òórùn ọṣẹ sì gba gbogbo ibẹ̀. Aṣọ tí mo ti ká sínú àpótí pé ó mọ́!

Ọṣẹ tí mò ń dà sí i ti pọ̀ jù. Ìdérí ike ni mo máa ń bù kún dẹ́nu, bẹ́ẹ̀ ìlà tí wọ́n fà sínú rẹ̀ kò tó ìdajì. Òórùn dídùn yẹn náà tún wà níbẹ̀. Àwọn èròjà olóòórùn wà lára ohun tí awọ èèyàn máa ń kọ̀ jù. Ẹ óò rí orúkọ méjì lára wọn, linalool àti limonene, lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ike ọṣẹ. Tí afẹ́fẹ́ bá ti ń fẹ́ sí wọn pẹ́, wọ́n á yí padà di ohun tó lè bá awọ jà. Omi olóòórùn tí a ń dà sí aṣọ kó lè rọ̀ tún burú jù fún irú ọmọ yìí, torí a ṣe é kó lè dúró sínú aṣọ ni.

Ibi tí mo tún ti ṣìnà rèé: iwájú ike tí mo kọ́kọ́ rà sọ pé "unscented", ìyẹn ni pé imú ò ní gbóòórùn rẹ̀. Ọmọ ṣì ń họra. Mo yí ike náà padà, mo sì rí "parfum", ìyẹn èròjà olóòórùn, láàárín àwọn èròjà. Wọ́n fi òórùn kan bo òmíràn mọ́lẹ̀ ni, kí imú má baà gbọ́ nǹkan kan. "Fragrance-free", èyí tí wọn ò fi èròjà olóòórùn kankan sí, ni kí ẹ máa wá, kí ẹ sì tún ka ẹ̀yìn rẹ̀.

Ọṣẹ lúbúlúbú la ń lò báyìí, kò lóòórùn, kò láwọ̀. Mò ń bù ú níwọ̀n, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo sì ń ṣan aṣọ. Mo tún aṣọ tiwa náà fọ̀, torí èjìká wa ló máa ń gbé ojú lé sùn. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ọrùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jinná. A kò fi ìpara tí dókítà ní ká máa fi pa á sílẹ̀ o, torí awọ rẹ̀ gbẹ.

* * *

Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, mà. Ọwọ́ ni tèmi, torí èmi ni mo ń fọṣọ nílé wa. Àárín ìka mi ń bó, ó ń là, bí iyọ̀ bá kàn án, màá fẹ́rẹ̀ẹ́ ké. Ọṣẹ olómi tí kò lóòórùn rárá ni mò ń lò, ó sì ń le sí i. Dókítà awọ lẹ oríṣiríṣi èròjà mọ́ mi lẹ́yìn, ó ní omi ò gbọdọ̀ kàn án. Lẹ́yìn wákàtí 48 ló ṣí i, ó tún yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn ọjọ́ méjì. Ojú kan ṣoṣo ló pọ́n, tó wú: methylisothiazolinone. Òun ni wọ́n ń fi sínú ohun olómi kó má baà bàjẹ́, ọṣẹ lúbúlúbú kì í sábà nílò rẹ̀. Ilẹ̀ Yúróòpù kò tiẹ̀ gbà á mọ́ nínú ìpara tí a kì í ṣan kúrò lára. Ẹ má retí kó yún yín lójú ẹsẹ̀. Ó lè tó ọjọ́ kan sí mẹ́ta kó tó yọ, ohun tí kò jẹ́ kí n tètè fura nìyẹn.

* * *

Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ ṣé gan-an. Ẹ̀yin tí ẹ ní oníkọ́ fée nílé, ẹ má da lúbúlúbú náà láti òkè. Eruku rẹ̀ mú ọmọkùnrin mi sín títí tó fi ń mí hẹlẹ. Mo máa ń kọ́kọ́ pò ó mọ́ omi ní yàrá tí ọmọ náà kò sí. Ní ti kòkòrò inú eruku tó ń gbé inú aṣọ ibùsùn, omi gbígbóná tó tó ìwọ̀n 60°C ló ń pa á, kì í ṣe ọṣẹ líle.

* * *

Èmi ìyá àkọ́kọ́ ni o. Ẹni tó bi mí bóyá kí òun kán òróró lavender, òdòdó olóòórùn dídùn kan, sínú omi ìṣanṣọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Linalool tí mo sọ yẹn, ó pọ̀ nínú lavender gan-an. Tí ẹ bá sì ra ọṣẹ tuntun, síńgílẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ni kí ẹ kọ́kọ́ fi fọ̀, kí ọmọ wọ̀ ọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹ máa yẹ abíyá rẹ̀ wò ní alaalẹ́.