Báwo lẹ ṣe ń fa aláìsàn lé àwọn ará tíátà (yàrá iṣẹ́ abẹ) lọ́wọ́?

Nọ́ọ̀sì Wọ́ọ̀dù: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn. Níbi iṣẹ́ wa, pọ́tà ló ń ti aláìsàn lọ sí tíátà, fáìlì á wà lórí ẹsẹ̀ aláìsàn. Wọ́n á gbà á lẹ́nu ọ̀nà, ó parí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, bàbá kan tí wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ ìpá fún mu ògì láago mẹ́fà àárọ̀. Nọ́ọ̀sì alẹ́ mọ̀, ó sọ ọ́ lẹ́nu fún ẹni tó gbaṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kò sẹ́ni tó kọ ọ́. Orí tábìlì ni dókítà tó fẹ́ fún un lóògùn oorun ti gbọ́ lẹ́nu bàbá fúnra rẹ̀. Wọ́n dá bàbá padà. Báwo lẹ̀yin ṣe ń ṣe é?

Àgbà Tíátà: Àbúrò mi, ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹni tó mọ aláìsàn ni kó bá a wá, kó rò ó lójú aláìsàn, kí èmi tí mo gbà á sì tún un sọ padà. Ẹ má bi wọ́n pé "Ṣé ẹ̀yin ni Bàbá Lágbájá?" Ẹni tẹ́rù ń bà, tí etí rẹ̀ ò sì já geere, "bẹ́ẹ̀ ni" ló máa sọ. "Kí lorúkọ yín, bàbá? Kí la fẹ́ bá yín ṣe? Apá wo ni?" Ẹ jẹ́ kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ tọ́ka sí i, ká wò ó bóyá ibẹ̀ náà ni dókítà fàlà sí. Mo ti rí i tí ìwé ní ọ̀tún, tí ọwọ́ bàbá ń lọ sósì.

Dókítà Abẹ: Òótọ́ ni màmá sọ. Ìwé àyẹ̀wò Àjọ Ìlera Àgbáyé fún iṣẹ́ abẹ ní ohun 19 tí à ń yẹ̀ wò. Nígbà tí wọ́n dán an wò nílùú mẹ́jọ, ikú lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ wálẹ̀ láti 1.5 sí 0.8 nínú ọgọ́rùn-ún. 2009 ni wọ́n tẹ èsì rẹ̀ jáde. Ṣùgbọ́n kò béèrè aago tí aláìsàn jẹun gbẹ̀yìn. Ẹ fi kún tiyín. Oúnjẹ ni ògì, ó gbọ́dọ̀ pé wákàtí mẹ́fà kí a tó fún aláìsàn lóògùn oorun. Omi lásán, wákàtí méjì.

Nọ́ọ̀sì Wọ́ọ̀dù: Ẹ ṣeun, mà. Àwa méjì péré la máa ń wà lórí iṣẹ́. Tí mo bá tẹ̀ lé e, ta ló kù?

Àgbà Tíátà: Ẹ pè wá kí bẹ́ẹ̀dì tó kúrò ní wọ́ọ̀dù. Ẹ ka aago oúnjẹ, oògùn tí kò bá a lára mu, ẹ̀jẹ̀ tó wà nílẹ̀, apá tí a fẹ́ ṣe. Ẹni tó gbé fóònù á tún un sọ fún yín, á kọ orúkọ rẹ̀ sínú fáìlì tó bá dé. Tí kò bá tún un sọ, ẹ má jẹ́ kí pọ́tà gbéra.