Ọlọ́wọ́ òsì ni mí: action wo ni kí n kọ́kọ́ rà?

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin àgbà ọdẹ. San Antonio ní Amẹ́ríkà ni mò ń gbé. Mo fẹ́ kó ìbọn kan jọ díẹ̀díẹ̀: action lọ́dún yìí (ara irin àárín ìbọn, tí bóòtù, irin tó ń ti ọta wọlé, ń rìn nínú rẹ̀), ọ̀pá ìbọn lọ́dún tó ń bọ̀, igi ìbọn àti awò ìwòran lẹ́yìn náà. 6.5 Creedmoor ni ọta tó wà lọ́kàn mi, nítorí kì í gbá èjìká púpọ̀. Àgbọ̀nrín àti ẹlẹ́dẹ̀ igbó ni mò ń lé, n kì í sì í yìnbọn sí ohun tó bá jìnnà ju yáàdì 250 lọ.

Ọlọ́wọ́ òsì ni mí. Ọ̀rẹ́ mi kan ní Remington 700 kan tó ń lo ọta .30-06, tó fẹ́ fi sílẹ̀ fún mi ní dọ́là 400, àmọ́ ti ọlọ́wọ́ ọ̀tún ni. Ẹnì kan ní kí n lọ wá Savage 110 ti ọlọ́wọ́ òsì, ẹlòmíràn ní Tikka ni. Bàbá mi, ọdẹ ni wọ́n ní Ṣakí, wọn ò jẹ́ kí n fòsì gbé ṣakabùlà rí. Mo ti gbà pé nítorí a kì í fòsì ṣe nǹkan níwájú àgbà ni. Ṣé kí n gba ti ọ̀rẹ́ mi, kí n kọ́ bí wọ́n ṣe ń fọ̀tún yìn ín, àbí kí n dúró?

Àgbà Òkè-Ògùn: Ọmọ mi, ọ̀rọ̀ ìwà kọ́ ni bàbá rẹ ń sọ. Ọ̀tún ni akọ òkúta ṣakabùlà wà, ibẹ̀ náà sì ni awo kékeré tí à ń da ẹ̀tù sí wà. Tó o bá gbé e sí èjìká òsì, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ á wà ní ẹ̀gbẹ́ ibi tí iná ti ń bú jáde. Ọdẹ kan wà ládùúgbò wa tí irun ìpéǹpéjú rẹ̀ kan kò hù mọ́ títí tó fi kú. Ojú rẹ ni wọ́n ń dáàbò bò.

Òsì Bíi Tìẹ, Dallas: Ọdún mẹ́fà ni mo fi lo ìbọn ọlọ́wọ́ ọ̀tún. Tó o bá yìn ín tán, o ní láti mú ọwọ́ tó ń fa tírígà (ibi tí ìka ń fà) kúrò, kó o nà án kọjá lórí awò, kó o gbé bóòtù sókè, kó o fà á sẹ́yìn, kó o tún tì í padà. Kó o tó ṣe gbogbo ẹ̀ tán, ẹlẹ́dẹ̀ ti dé odò. Èèpo ọta tó ṣófo náà ń fò jáde nítòsí ojú rẹ.

Àmọ́ kọ́kọ́ dán ojú rẹ wò. Na ọwọ́ méjèèjì, fi wọ́n ṣe ihò kékeré, kó o wo nǹkan tó wà lọ́ọ̀ọ́kán láti inú rẹ̀. Di ojú òsì. Tí nǹkan náà bá ṣì wà nínú ihò, ojú ọ̀tún ló lágbára jù, á jẹ́ pé ó tọ́ kó o kọ́ ọ̀tún. Tó bá pòórá, má wulẹ̀ da ara rẹ láàmú.

Ọmọ Àgbẹ̀dẹ, Houston: Nínú gbogbo ohun tó o kà sílẹ̀ yẹn, action nìkan ni kò ṣeé pààrọ̀. Ọ̀pá, igi, tírígà, ọjọ́ tó bá wù ọ́ lo lè yọ wọ́n. Ihò tí bóòtù ń gbà, tí wọ́n bá ti gbẹ́ ẹ sọ́tùn-ún, ọ̀tún náà ni.

Ìdí ọta ni kó o wò tẹ̀ lé e. 6.5 Creedmoor, .243, .308 àti .30-06, ìdí wọn dọ́gba, ìwọ̀n ínǹṣì 0.473. Bóòtù ọ̀rẹ́ rẹ á gbá Creedmoor mú. Àmọ́ action gígùn ni ti .30-06, Creedmoor kò nílò ju kúkúrú lọ. Wàá kàn máa fa bóòtù rìn jìnnà lásán, wàá sì máa ru irin tí kò ṣiṣẹ́. Tí ìbọn yẹn bá sì jẹ́ ara àwọn tí wọ́n ṣe láàárín 2006 sí 2014, béèrè nípa tírígà rẹ̀. Ilé iṣẹ́ náà pe àwọn yẹn padà lọ́dún 2014.

Mi ò bu Remington 700 o. Kò sí action tí igi àti tírígà tó bá a mu pọ̀ tó tirẹ̀ lọ́jà. Ṣùgbọ́n pípààrọ̀ ọ̀pá rẹ̀ máa ń gba alágbẹ̀dẹ tó ní ẹ̀rọ. Savage yàtọ̀: nọ́ọ̀tì kan ló di ọ̀pá rẹ̀ mú. Ìwọ fúnra rẹ lè tú u nílé, kó o fi irin ìwọ̀n wá àlàfo tó yẹ láàárín ojú bóòtù àti ìdí ọta, kó o sì dè é padà. Ẹni tó fẹ́ ra nǹkan díẹ̀díẹ̀, ìyẹn ló máa dín ìnáwó rẹ̀ kù. Tikka? Bóòtù rẹ̀ ń yọ̀ bí ilá. Gígùn kan náà ni wọ́n ń ṣe fún ọta kúkúrú àti gígùn, igi rẹ̀ náà kò sì pọ̀ tó ti 700. Tó bá jẹ́ pé o kò ní yí i padà láé, òun ni ǹ bá ní kó o rà.

Tọ́kùnbọ̀: Ẹ ò mẹ́nu kan Mauser 98! Bóòtù rẹ̀ ní èékánná tó ń gbá ọta mú látìgbà tó bá ti kúrò nínú àpò ọta. Ọdún 1898 tí wọ́n ti ṣe é, wọ́n ṣì ń wò ó kọ.

Ọmọ Àgbẹ̀dẹ, Houston: Bọ̀dá, ti ọlọ́wọ́ ọ̀tún ni ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn. Ẹ jẹ́ ká ran ọmọ yìí lọ́wọ́.

Ìyá Ẹlẹ́ran: Ẹ̀yin ọkùnrin, ìwé ńkọ́? Lábẹ́ òfin Amẹ́ríkà, ara irin action yẹn fúnra rẹ̀ ni ìbọn, kódà tí kò bá ní ọ̀pá. Tó o bá rà á láti ìpínlẹ̀ mìíràn, ọwọ́ oníṣòwò tó níwèé àṣẹ ló máa gbà dé ọ̀dọ̀ rẹ, wàá kọ fọ́ọ̀mù 4473 tí ìjọba ní kí ẹni tó ń ra ìbọn kọ, wọn á wo àkọsílẹ̀ rẹ. Ọ̀pá àti igi lè dé ẹnu ọ̀nà rẹ. Ṣé gríìnì káàdì lo ní? Tó bá jẹ́ físà ìgbà díẹ̀, lọ gba ìwé àṣẹ ọdẹ ná, láìsí i òfin kì í sábà fàyè gbà á. Má sì dá a láṣà láti gbé e wálé Kérésì o.

Ẹni tó béèrè: Ẹ ṣeun gan-an. Gríìnì káàdì ni, Mọ̀ọ́mì. Mo dán ojú mi wò, òsì ni. Mo ti sọ fún ọ̀rẹ́ mi pé kó tà á fún ẹlòmíràn. Mo pe bàbá mi lálẹ́ àná, mo ní mo ti mọ ìdí ọ̀rọ̀ ṣakabùlà yẹn. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Èyí tó o fẹ́ rà, ẹ̀gbẹ́ wo ni iná ẹ̀ ń gbà jáde?" Savage kúkúrú ni mò ń wá báyìí. Ọ̀pá ínǹṣì 22 tàbí 24?

Ọmọ Àgbẹ̀dẹ, Houston: 22. Ọ̀pá kúkúrú kì í tètè há nínú igbó ẹlẹ́gùn-ún. Ẹ̀gún ibẹ̀ yẹn kò mọ awọ ẹran yàtọ̀ sí awọ èèyàn.