Ẹ bá mi wá orúkọ fíìmù obìnrin méjì tó ń jà yìí, ọ̀kan jẹ́ òyìnbó

Adé_Òkèsà (Iléṣà)
Ẹ̀yin ará ilé mo kí yín o. Fíìmù kan ni mò ń wá, ayé ìgbà káàsẹ́ẹ̀tì ni, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń yáni ní fídíò l'Òkèsà la ti máa ń gbé e, orúkọ ara páálí ẹ̀ ti pa rẹ́ pátápátá, àwa kàn ń pè é ní Obìnrin Ọlọ́pàá. Áktọ̀ méjì ló wà níbẹ̀, ọ̀kan ará Ṣáínà, ìkejì òyìnbó, wọ́n wá jà nílé ọ̀gá àwọn ọ̀daràn nígbẹ̀yìn, gíláàsì ń fọ́ yángá. Ará Ṣáínà yẹn fẹsẹ̀ kọ́ irin lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ó da ara ẹ̀ sẹ́yìn, ó gba inú gíláàsì kọjá, ó sì fa ọkùnrin méjì wálẹ̀! Mo sọ ọ́ fún àbúrò mi, ó ní irọ́ ni, ó ní ọkùnrin ni wọ́n wọ wíìgì fún. Ẹ tún dárúkọ irú ẹ̀ míì fún mi, èyí tí obìnrin ti jẹ́ áktọ̀ fúnra ẹ̀ o, kì í ṣe èyí tí wọ́n á jí i gbé, ká tún máa wá ọkùnrin tó máa gbà á sílẹ̀ o.

Òjò_Lágere (Ifẹ̀)
Ọ̀gá, Yes, Madam! lẹ ń wá, 1985 ló jáde ní Hong Kong, Corey Yuen ni dírẹ́tọ̀ ẹ̀. Ẹ sọ fún àbúrò yín pé kò sí wíìgì kankan níbẹ̀, Michelle Yeoh gan-an ló gba inú gíláàsì yẹn. Ìlú Ipoh ní Màléṣíà ni wọ́n ti bí i, ṣùgbọ́n Michelle Khan lẹ máa rí nínú fíìmù yẹn, orúkọ tó ń jẹ́ nídìí iṣẹ́ nígbà yẹn nìyẹn. Òyìnbó yẹn ni Cynthia Rothrock, ará Amẹ́ríkà, ó ti ń gba ife ẹ̀yẹ níbi ìdíje kàráté kó tó dé ọ̀dọ̀ wọn.

Ohun tó wá dùn mọ́ mi ni pé Yeoh ò kọ́ kúngfú rárá kó tó bẹ̀rẹ̀, ijó ballet ló lọ kọ́ l'Éńgíláǹdì, ó fi ẹ̀yìn ṣèṣe ló jẹ́ kó pa á tì. Àwa tó ń wò ó kì í ronú débẹ̀. Ìjà Hong Kong, wọ́n ti ka gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ kí kámẹ́rà tó tàn: gbá a lẹ́ẹ̀mẹta, kó bẹ̀rẹ̀, kó yí, kó fẹsẹ̀ gbá ẹ, wọ́n á ya ìyẹn tán, wọ́n á dúró, wọ́n á gbé kámẹ́rà síbòmíì, wọ́n á tún máa bá a lọ láti ibi tí wọ́n dé. Ẹni tó mọ ìjà gidi tí ò mọ ìgbà tí ẹsẹ̀ yẹ kó balẹ̀, ó máa bà á jẹ́ ni, àfi bí oníjó bàtá tí ò gbọ́ ohun tí ìyá ìlù ń sọ. Cheng Pei-pei tó ṣe Come Drink with Me ní 1966, oníjó lòun náà. Angela Mao ńkọ́, láti kékeré ló ti wà nílé ẹ̀kọ́ Peking opera ní Taiwan, orin, ìtàkìtì, idà, gbogbo ẹ̀ ni wọ́n ń kọ́ wọn pọ̀. Torí ẹ̀ ni mi ò fi gbà pé wọ́n kàn ń fi obìnrin ṣe ọ̀ṣọ́ níbẹ̀, iṣẹ́ tí wọ́n ti mọ̀ látilẹ̀ ni wọ́n gbé wá.

Yeoh yìí náà ló gun alùpùpù fò sórí ọkọ̀ ojú irin tó ń sáré nínú Police Story 3 tí òun àti Jackie Chan jọ ṣe ní 1992, torí fíìmù yẹn ló sì ṣe kọ́ alùpùpù. Ẹ̀yin ọlọ́kadà Lágere ẹ má dán an wò o. Ní 2023 ó gba Oscar, kò sí obìnrin Éṣíà kankan tó gba ti áktọ̀ àgbà yẹn rí ṣáájú ẹ̀.

Akin_Ẹnuwá
Ẹ̀yin wọ̀nyí sha, kí wọ́n tó bí gbogbo àwọn tẹ́ ẹ ń kà yẹn, Mọ́remí ti ṣe é tán. Come Drink with Me yẹn, ṣé kì í ṣe obìnrin tó múra bí ọkùnrin tó lọ gba arákùnrin ẹ̀ lọ́wọ́ àwọn jàgùdà ni? Ìtàn wa ni wọ́n jí 😂

Àǹtí_Bísí
Akin, ta ni Mọ́remí gbá lẹ́ṣẹ̀ẹ́? Ó jẹ́ kí wọ́n mú òun lẹ́rú ni, ó di ìyàwó ọba wọn, ó gbọ́ àṣírí aṣọ tí wọ́n fi ń dẹ́rù bani, ó sá wálé, iná ni Ifẹ̀ fi lé wọn. Iṣẹ́ amí nìyẹn. Má pa á pọ̀ mọ́ kúngfú.

Adé, ohun tí mo fẹ́ sọ fún ẹ ni pé má kàn máa ṣí gbogbo èyí tí wọ́n bá kọ obìnrin tó ń jà sí lára níwájú àwọn ọmọdé. Àwọn ará Jàpáàn láyé 1970 síwá yẹn, tẹlifíṣọ̀n ti gba èrò lọ́wọ́ sínimá, ni àwọn iléeṣẹ́ bíi Toei bá ń gbé ohun tí tẹlifíṣọ̀n ò lè gbé jáde, ẹ̀jẹ̀ àti ìhòòhò. Filipíìnì náà nìyẹn, àwọn ará Amẹ́ríkà ló ń lọ ya fíìmù níbẹ̀ torí owó ẹ̀ ò tó ti ilé, The Big Doll House ti 1971 tí Pam Grier wà nínú ẹ̀ wà lára wọn, inú ẹ̀wọ̀n obìnrin ni ṣáá. Wọ́n á ní obìnrin ló máa gbẹ̀san, àmọ́ kó tó gbẹ̀san, kámẹ́rà á ti wo ìhòòhò ẹ̀ yó. Ó máa ń bí mi nínú gan-an ni.

Meiko Kaji nìkan ni mo yọ̀ǹda fún nínú wọn. Nínú Female Prisoner Scorpion, 1972, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ̀rọ̀, ojú nìkan ló fi ń bá èèyàn jà. Lady Snowblood ti 1973 ló wá ga jù, inú ẹ̀wọ̀n ni wọ́n bí i sí, ìyá ẹ̀ bí i torí kó lè bá òun gbẹ̀san ni, idà sì wà nínú agbòòrùn tó ń mú kiri. Orin tó kọ síbẹ̀ ni Tarantino, dírẹ́tọ̀ ará Amẹ́ríkà, gbé sínú Kill Bill ní 2003. Ẹ̀jẹ̀ ibẹ̀ pọ̀ o, kí ẹ má sọ pé mi ò wí.

Akin_Ẹnuwá
Ẹ má bínú Àǹtí. Àmọ́ àwọn tó máa ń ní áktọ̀ kì í kú, Angela Mao kú nínú Enter the Dragon o, òun ni àbúrò Bruce Lee níbẹ̀, ó pọ́n wọn lójú tán kó tó gbẹ̀mí ara ẹ̀.

Òjò_Lágere (Ifẹ̀)
Bruce Lee ni áktọ̀ ìyẹn jàre.

Adé, tẹ́ ẹ bá fẹ́ èyí tí ò pẹ́ púpọ̀, ẹ wo Chocolate, Tàílàǹdì ni, 2008, JeeJa Yanin ló ṣe é, ọmọ taekwondo, ìjà àwọn ará Kòríà. Ọmọbìnrin kan tó ní autism, tí ọpọlọ ẹ̀ ń ṣiṣẹ́ lọ́nà tó yàtọ̀ láti kékeré, ni, fíìmù ló ń wò tó fi kọ́ ìjà, ìyá ẹ̀ ń ṣàìsàn, ó wá ń lọ sọ́dọ̀ àwọn tó jẹ ìyá ẹ̀ lówó lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìjà iléeṣẹ́ yìnyín yẹn, háà! Ẹ má pa á tórúkọ bá bẹ̀rẹ̀ sí í kọjá nígbẹ̀yìn, ibẹ̀ ni wọ́n ti fi hàn bí wọ́n ṣe ṣèṣe.

Adé_Òkèsà (Iléṣà)
Ẹ ṣeun gan-an ni, mo ti rí Yes, Madam! yẹn, òun gan-an ni. Ti Tàílàǹdì yìí ni màá wò lálẹ́ yìí tí NEPA bá gbà. Ṣé wọ́n kọ òyìnbó sí ìsàlẹ̀ ẹ̀ àbí gbogbo ẹ̀ ni màá máa fọwọ́ méfò?

Òjò_Lágere (Ifẹ̀)
Ó wà níbẹ̀. Ẹ sá yẹra fún èyí tí wọ́n fi ohùn òyìnbó bò, ó máa ń ba ọ̀rọ̀ ìyá ẹ̀ jẹ́.