Ọmọ mi fẹ́ rí afárá Carter ní Èkó: níbo ni kí a ti wò ó, kí ni kí n sì sọ fún un?

Ìyá Mofẹ́, Àkúrẹ́:

Ẹ̀yin ará, mo kí gbogbo yín. Ọmọ mi obìnrin, ẹni ọdún 8, ni èmi yóò mú lọ sí Èkó nígbà ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ, nítorí pé ẹ̀gbọ́n mi tí ń gbé Súrùlérè ti ń retí wa. Láti ìgbà tí olùkọ́ wọn ti sọ fún wọn pé afárá Carter ni ó pẹ́ jù nínú àwọn afárá tí ó wọ erékùṣù Èkó, kò jẹ́ kí n sinmi mọ́. Ó ń béèrè bí àwọn ènìyàn ṣe ń kọjá kí wọ́n tó ṣe é, ó ń béèrè ẹni tí ń jẹ́ Carter, ó tún fẹ́ mọ̀ bóyá afárá máa ń mì. Bàbá rẹ̀ gbà pé bí a bá ti gba orí Third Mainland kọjá, ó tó, nítorí pé òun ni ó gùn jù. Èmi kò fara mọ́ ọn, nítorí pé kì í ṣe gígùn ni ọmọ náà ń béèrè. Mo fẹ́ kí ó rí i ní ojú kòrókòró, kí ó sì mọ ohun tí ó ń wò. Níbo ni a lè dúró sí láìsí ewu? Kí ni ó sì yẹ kí n sọ fún un nípa Carter láìpurọ́, tí kò sì ní dẹ́rù bà á?

Bàbá Olùkọ́, Oǹdó:

Ìyá Mofẹ́, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Bí wọ́n ṣe ń kọjá tẹ́lẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ọ̀rọ̀ náà kàn wá gan-an ní ìhín. Lẹ́yìn ọdún 1870, nígbà tí ìjà àti títì ọ̀nà kò jẹ́ kí ọ̀nà Ìjẹ̀bú àti ti Ẹ̀gbá ṣeé gbà fàlàlà, ọ̀nà Oǹdó ni ọ̀pọ̀ oníṣòwò àti òjíṣẹ́ ìjọba ń gbà. Láti Iléṣà àti Ifẹ̀ ni wọ́n ti ń fi ẹsẹ̀ rìn gba Oǹdó, tí wọ́n á fi sọ̀ kalẹ̀ dé Àtìjẹ́rẹ́ ní ilẹ̀ àwọn ará Máhìn, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń wọ ọkọ̀ ojú omi gba orí ọ̀sà dé Èkó. Ọmọ ìlú wa tí ó bá dúró sí etí omi yẹn, ẹ sọ fún un pé orí omi náà ni àwọn baba ńlá wa gbà wọlé.

Ní ti Carter, ẹ má fi nǹkan kan pa mọ́. Gilbert Carter ni gómìnà Èkó láti 1891 sí 1897. Ní àkókò rẹ̀ ni àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kọlu Ìjẹ̀bú, tí wọ́n sì ṣẹ́gun wọn ní 1892. Ní 1893 ó rin ìrìn-àjò la ilẹ̀ Yorùbá já, ìgbà yẹn sì ni Ìbàdàn àti Èkìtìparapọ̀ tú ibùdó ogun Kírìjì ká pátápátá, lẹ́yìn tí wọ́n ti fọwọ́ sí ìwé àdéhùn láti 1886. Ọmọ ọdún 8 lè lóye pé ẹnì kan náà bá wọn parí ogun kan, ó sì gbé ogun mìíràn lọ bá àwọn ẹlòmíràn. Kò pọn dandan kí ẹ máa ròyìn ẹ̀jẹ̀ fún un. Ó ti kúrò ní Èkó kí wọ́n tó ṣí afárá náà ní 1901, nígbà tí MacGregor jẹ́ gómìnà.

Èyí tí ó ká mi lára jù nìyí: afárá tí ọmọ yóò rí kì í ṣe èyí tí wọ́n kọ́ ní 1901. Wọ́n tú ti àtijọ́ palẹ̀, wọ́n sì tún un kọ́ ní ìparí àwọn ọdún 1970. Orúkọ rẹ̀ àti ojú ibi tí ó wà ni ó ti pẹ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ ọ́ fún un kedere, kí ó má baà rò pé kọnkéré tí ó fọwọ́ kàn ti wà níbẹ̀ láti ayé ìyá àgbà rẹ̀. Ìdó tí afárá náà dé pàápàá jẹ́ erékùṣù nígbà náà. Afárá mìíràn, Denton, ni ó so ó mọ́ Ẹ̀bútè Mẹ́tta.

Ọmọ Ìdúmọ̀tà, Àkúrẹ́:

Bàbá Olùkọ́, ẹ ṣeun, a gbọ́ àgbọ́yé. Ìdúmọ̀tà ni wọ́n ti bí mi kí iṣẹ́ tó gbé mi wá sí Àkúrẹ́, nítorí náà ibi tí ẹ ó dúró sí ni n ó dáhùn. Àárọ̀ ọjọ́ Àìkú ni kí ẹ lọ, nítorí pé ní ọjọ́ ọjà, èrò kì í jẹ́ kí ọmọdé rí nǹkan kan ju ẹ̀yìn àgbà lọ. Ẹ gba Third Mainland láti Òwòrọ̀ǹṣókí wọlé. Ọwọ́ ọ̀tún yín ni ẹ ó ti rí Yunifásítì Èkó, lẹ́yìn náà àwọn ilé orí igi ní Makòkò. Kìlómítà 11.8 ni afárá yẹn, 1990 ni wọ́n sì parí rẹ̀, nítorí náà ohun tí bàbá ọmọ fẹ́ àti ohun tí ẹ̀yin fẹ́ yóò bọ́ sí ọjọ́ kan náà. Bí ẹ bá ti wọ erékùṣù, ẹ fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí etí omi Ẹ̀bútè Èrò. Ibẹ̀ ni ẹ ó ti rí ẹ̀gbẹ́ afárá Carter àti àwọn òpó rẹ̀ nínú omi, èyí tí ẹni tí ó wà nínú mọ́tò kò lè rí. Lẹ́yìn náà ẹ gba orí rẹ̀ kọjá lọ sí Ìdó, kí ó rí ibùdó réluwéè. Ọdún 1901 kan náà ni wọ́n ṣí ojú irin tí ó lọ sí Ìbàdàn.

Ìyá Mofẹ́:

Mo dúpẹ́ gidigidi. Ṣé a kò lè ní kí awakọ̀ dúró díẹ̀ lórí afárá náà, kí n ya ọmọ ní fọ́tò?

Ọmọ Ìdúmọ̀tà:

Rárá o, ìyá wa. Mọ́tò tí ó bá dúró lórí afárá ní Èkó, ewu ni fún un àti fún àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn. Etí omi ni kí ẹ ti ya fọ́tò, kí ẹ sì di ọwọ́ ọmọ mú ṣinṣin.

Akẹ́kọ̀ọ́ FUTA:

Ẹ̀yin àgbà, ẹ jẹ́ kí n fi díẹ̀ kún un, nítorí pé ọ̀nà àti afárá kíkọ́ wà lára ohun tí mò ń kọ́. Bí ẹ bá dé Ẹ̀bútè Èrò, ẹ ní kí ó wo ara òpó dáadáa. Yóò rí ibi tí ó dúdú tí ó sì ń yọ̀ nísàlẹ̀, àti ibi tí ó gbẹ tí ó mọ́ díẹ̀ lókè. Láàrin méjèèjì ni omi ti ń gòkè tí ó sì ń fà lójoojúmọ́, nítorí pé ọ̀sà àti òkun ṣí sí ara wọn. Ibẹ̀ gan-an ni ìyà ti ń jẹ òpó jù. Irin wà nínú kọnkéré. Iyọ̀ inú omi yóò máa wọ̀ ọ́ díẹ̀díẹ̀, atẹ́gùn náà yóò ráyè débẹ̀ nígbà tí omi bá fà, irin yóò sì dípẹtà. Irin tí ó dípẹtà máa ń wú, wíwú rẹ̀ ni ó sì ń fọ́ kọnkéré láti inú wá. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń rán àwọn òmùwẹ̀ lọ yẹ abẹ́ afárá wò.

Ó béèrè bóyá afárá máa ń mì. Ó ń mì, ó sì tún ń gùn sí i nígbà tí oòrùn bá mú. Gìdì-gìdì tí mọ́tò yín yóò máa gbá lórí Third Mainland, àlàfo tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi sílẹ̀ láàrin kọnkéré ni, kí ó lè ráyè gùn láìbẹ́. Nítorí àtúnṣe irú oríkèé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ti apá kan afárá náà láti oṣù Keje ọdún 2020 títí di oṣù Kejì ọdún 2021.

Bí ẹ bá sì gba Oǹdó kọjá sí Òrè, ẹ ó kọ́kọ́ gun afárá odò Ọ̀wẹnà. Omi ibẹ̀ kò ní iyọ̀, òkun kò sì lè fà á. Ẹ sọ fún awakọ̀ kí ó rọra níbẹ̀, kí ọmọ lè wo omi náà, yóò ní ohun tí ó máa fi wé ti Èkó. Bí ìbéèrè rẹ̀ bá ju èyí tí ẹ lè dáhùn lọ, ẹ kọ wọ́n síbí, n ó dáhùn èyí tí agbára mi bá ká.